Oṣù Ọdẹ ní Àfonífojì Sámúrà

Láti ìgbà tí mo ti dé ni àwọn ará ilé ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: kí ni ẹni tó lo gbogbo ayé rẹ̀ nínú igbó lọ wá ní ilẹ̀ tí kò ní igi? Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń sọ pé Mẹ́kà ni mo lọ. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Mo fẹ́ sọ ìyókù kí n tó gbàgbé ojú àwọn tó wà níbẹ̀.

Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo jẹ́ ọ̀gá àwọn aṣọ́gbó nínú igbó ẹranko ìjọba kan ní Òkè-Ògùn. Iṣẹ́ mi ni láti sọ fún àwọn ọdẹ ìgbà tí wọ́n lè yìnbọn àti ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìbọn kọ́. Àwọn kan rò pé ọ̀tá ọdẹ ni mí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹran bá pọ̀ jù ní ojú kan, wọn a jẹ koríko tán, ebi a sì pa wọ́n. Bí a bá sì ń pa wọ́n nígbà tí oyún wà nínú wọn, igbó a dá páropáro kí ọmọ tí a bí lónìí tó wọ ilé-ìwé. Nínú yíyan àsìkò ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Mo kọ ìwé kékeré kan lórí rẹ̀, mi ò sì mọ bó ṣe rìn dé ọwọ́ ọ́fíìsì kan ní Jẹ́dà tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́. Wọ́n ní kí n wá fún oṣù mẹ́ta.

Oṣù keje lẹ́yìn ikú Rábíátù ìyàwó mi ni ìwé wọn dé. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni Rábíátù ní ilé-ìwé girama. Ìyá Máàpù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kì í lè sọ̀rọ̀ títí kó má nawọ́ sí ògiri bí ẹni pé máàpù wà níbẹ̀. A ti jọ ń sọ ọ́ pé a ó lọ sí Mẹ́kà pọ̀ tí mo bá fẹ̀yìn tì. Àìsàn kò dúró dè wá.

Mo kó aṣọ díẹ̀, mo mú awò tí mo fi ń wo ọ̀nà jíjìn, mo sì mú ìwé kékeré kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí a fi jọ gbé, bí ààwẹ̀ bá ti dé, Rábíátù a ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé náà, a kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí àti ohun tí a fi ṣínu. Mi ò ṣí i láti ọjọ́ tó ti kú. Mo kàn fẹ́ kó wà nínú ẹrù mi.

*

Jẹ́dà

Mo ti rò pé ilẹ̀ náà á máa jó bí iná. Otútù ló pàdé mi, pẹ̀lú òórùn iyọ̀ òkun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin aṣọ́bodè kan tú àpótí mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó fa gààrí yọ, ó tẹ ọ̀rá rẹ̀ wò.

"Kí ni èyí, Hájì?"

Mo dá a lóhùn ní irú Lárúbáwá tí Àfáà fi ẹgba kọ́ mi ní kékeré: "Ìyẹ̀fun gbòǹgbò kan ni, ìwọ arákùnrin mi ọlọ́lá. A sì máa ń fi omi pò ó."

Ó yanu sílẹ̀. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀. "Wá o! Wá gbọ́ bàbá yìí! Bí ìmáàmù lórí mímúbárì ló ṣe ń sọ̀rọ̀!" Ó yíjú sí mi. "Hájì, ta ni ẹ ń bá sọ irú èdè yìí nílé yín?"

"Ọlọ́hun nìkan," ni mo wí.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ kan ìwé Rábíátù. Ó ń ṣí i lọ, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tó ń wá ohun tí ó fara pamọ́.

"Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Ti ìyàwó mi ni. Ó ti kú."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó pa ìwé náà dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó sì ṣe àdúà fún òkú tí kò mọ̀ rí. Kò tú ìyókù ẹrù mi mọ́. Mo ti rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n tó mọ̀ pé mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Adúgbò Sabíìlì ni wọ́n fún mi ní yàrá sí, níbi tí àlejò ti pọ̀ ju onílé lọ. Ará Yémẹ̀nì ló ń se ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní fúùlù ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Ará Afuganísítánì ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó ọpọ́n. Àwọn ará Sùdáánì àti Ṣáàdì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Háúsá tí bàbá bàbá wọn ti fẹsẹ̀ rìn dé láti Kánò. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ mo gba abọ́ ẹ̀wà mi, mo sì kọjú sí ògiri láti jẹ ẹ́. Ará Yémẹ̀nì náà fi ṣíbí na etí ìkòkò.

"Àgbàlagbà! Ṣé ìjà ni ẹ bá wa jà ni?"

Kí n tó fèsì, ẹnì kan ti gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí àárín ẹni mẹ́rin, ó ya búrẹ́dì, ó sì fi bù ú lé mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò tún jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní èmi nìkan ní Sabíìlì. Ẹni tí aya rẹ̀ kú ló lè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Dókítà Mufútàù, àbúrò Rábíátù, wà ní Jẹ́dà pẹ̀lú. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ìkámà yín o. Ìwé tí wọ́n fún yín láti gbé ìlú yìí. Ẹ má rìn láìmú un dání. Bí balùwẹ̀ lẹ ń lọ, ẹ mú un lọ."

"Dókítà, tó bá wá bọ́ sínú omi ńkọ́?"

"Ẹ bẹ́ tẹ̀ lé e."

Ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Sìdíkátù, rẹ́rìn-ín láti inú ilé ìdáná. Ó se ìrẹsì fún wa, ó sì bu ata sí i bí ẹni pé Ìbàdàn la wà. Nádíyà ọmọ wọn kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, àmọ́ Yorùbá tí mo fi kí i padà, Lárúbáwá ló fi dáhùn. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Bùrọ̀dá, títí ó fi máa sọ èdè bàbá rẹ̀." Nádíyà wojú mi, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì bá oúnjẹ tirẹ̀ lọ.

*

Àmù Sáàdì

Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ pè mí wà ní ẹ̀yìn àwọn òkè tó wà ní ìlà-oòrùn ìlú. Oníṣòwò àgbà kan, Ṣéèkì Hámídì, ló ni àfonífojì gígùn kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sámúrà. Ó fi wáyà yí i ká, ó sì kó gásálì sínú rẹ̀. Ẹran yìí jọ ẹtu tiwa lójú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, awọ rẹ̀ sì dà bí iyanrìn gan-an. Ẹtu aṣálẹ̀ ni mo ń pè é. Lọ́dọọdún, ní Ṣáwálì, oṣù tí Ìtúnu Ààwẹ̀ máa ń bọ́ sí, Ṣéèkì máa ń pe àwọn àlejò rẹ̀ wá ṣọdẹ níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ọ́fíìsì ló ń fún un ní ìwé àṣẹ.

Wàhálà náà ni pé ẹran ń tán. Ọdọọdún ni wọ́n ń dín kù, bẹ́ẹ̀ iye tí àwọn àlejò ń pa kò pọ̀ sí i. Ọ̀gá ọ́fíìsì, tí gbogbo wa ń pè ní Mùdíírù, sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi nínú ọkọ̀.

"Olè ni. Aṣọ́gbó náà ló ń jí wọn tà. Àwọn awakọ̀ rí i tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn òkè lásìkò ọdẹ. Kí ni ènìyàn ń rì mọ́lẹ̀ tí kì í ṣe ẹran tó jí? A ti dá ọdẹ ọdún yìí dúró. Ṣéèkì fẹ́ kó ìyókù ẹran sí ọgbà ìwòran, kó sì lé ọkùnrin náà. Ó kàn ní kí àjèjì kan tó mọ iṣẹ́ wá wò ó kọ́kọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun hùwà ìkà sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta Ràmàdáánì a ó jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà."

Aṣọ́gbó náà ń dúró dè wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n omi tí ẹran ti ń mu. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí oòrùn ti yan. Àmù Sáàdì ni gbogbo ayé ń pè é, bí ìgbà tí àwa ń sọ pé "bàbá." Ó bu kọfí aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú fún mi nínú ife kékeré, ó sì ń bù ú lọ. Mo mu mẹ́fà kí ó tó ṣàánú mi.

"Ẹ mi ife náà báyìí tí ẹ bá ti yó," ó wí. "Ẹni tí kò bá mì ín, títí ilẹ̀ máa fi ṣú la ó máa bù fún un."

"Ẹ ò sì sọ fún mi láti ìgbà yìí?"

"Mo fẹ́ mọ ibi tí agbára ará Nàìjíríà mọ ni."

Inú àgọ́ rẹ̀ ni mo ti rí àwọn agolo. Agolo wàrà òfìfo ni wọ́n, wọ́n tò wọ́n sórí pákó kan. Àmù Sáàdì kò mọ ìwé kà. Fún gbogbo ọmọ ẹran tó bá rí lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó máa ń sọ kóró dàbínù kan sínú agolo. Agolo kan fún ọdún kan. Mo gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ wúwo lọ́wọ́. Èyí tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún nígbà tí mo mì ín.

"Ṣé ẹ fi han Mùdíírù?"

"Ó ní kóró dàbínù kì í ṣe ìwé." Ó nu etí agolo náà, ó dá a padà sí àyè rẹ̀. "Ọdún kẹrìnlá mi rèé níbí. Àwọn ọmọ mi méjì ni mo ti fi owó iṣẹ́ yìí gbé níyàwó. Bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má pè mí ní olè létí àwọn àna mi."

*

Mo lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Nílé, orí igi la ti máa ń ká ẹran mọ́, lórí ègùn. Kò sí igi tó lè gbé mi ní Sámúrà. Mo fi àpò bora, mo dùbúlẹ̀ sáàárín òkúta ní ìdájí, mo sì ń ka ẹran tó ń wá mumi. Àmù Sáàdì a máa wò mí láti ọ̀nà jíjìn, a rẹ́rìn-ín, a ní mo jọ ràkúnmí tó ṣàìsàn.

Mo wá àìsàn lára ẹran, mi ò rí i. Mo rin gbogbo ìdí wáyà, kò sí ibi tó já. Mo wo ìgbẹ́ wọn, mo wo koríko, oúnjẹ wà. Mo gbé ìwé àṣẹ gbogbo ọdún ọdẹ kalẹ̀: oṣù kan náà ni, ọgbọ̀n ọjọ́ kan náà, iye ẹran kan náà. Ohunkóhun kò yí padà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdẹ kọ́ ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí gbólóhùn yìí, nítorí ìtìjú mi ni. Mo tilẹ̀ rí àwọn abo tí ikùn wọn ti tóbi, inú mi sì dùn pé wọ́n máa tó bímọ.

Nígbà tí Ràmàdáánì fi wọlé, ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló kù tí mi ò tíì lè já ní koro: pé Àmù Sáàdì ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn òkè. Mo bi í léèrè. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀rọ̀ ilé onílé ni," ó wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

*

Mẹ́kà

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀, mo wọ aṣọ funfun méjì tí kò lójú rírán, mo lọ ṣe Úmúrà, ìbẹ̀wò Mẹ́kà tí kì í ṣe ti àsìkò Hájì. Gbogbo yín ti gbọ́ nípa Káábà, mi ò ní tún un sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ẹyẹlé. Wọ́n bo ilẹ̀, wọ́n ń rìn láàárín ẹsẹ̀ wa, kò sì sí èyí tó bẹ̀rù. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ yẹn kò gbọdọ̀ pa ẹran ìgbẹ́. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ nàka sí i fún ọdẹ. Ní ilẹ̀ Mẹ́kà gan-an, àsìkò ọdẹ kò ṣí rí láti ayébáyé. Èmi tí ọdẹ ti bú títí nítorí oṣù mẹ́rin péré tí mo ń ní kí wọ́n gbé ìbọn kọ́ lọ́dún, mo dúró síbẹ̀, ẹyẹlé kan sì gun bàtà mi.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, wọ́n tẹ́ ọ̀rá gígùn sórí ilẹ̀ mọ́sálásí. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí fà mí lápá kí n jókòó sídìí dàbínù rẹ̀. Ẹlòmíràn bínú pé òun ló kọ́kọ́ rí mi. Wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa fún mi lóúnjẹ. Ọmọ ilẹ̀ wo ló ti jà nítorí mi báyìí rí?

Adúgbò Tàndàbáwì ni mo wọ̀ sí, ibi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí láàárín àwọn ilé àtijọ́ tó gun òkè. Àlàájà Ṣèrífátù ń se mọ́ín-mọ́ín níbẹ̀ nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ó wá ṣe Hájì ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, kò sì padà mọ́. Kò ní ìwé ìgbé ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, a kọ́kọ́ pa iná sítóòfù ná.

Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Àlàájì, ilé lẹ ti ń bọ̀, ẹ ò sì mú agbálùmọ̀ dání?"

"Àlàájà, ṣé agbálùmọ̀ ló yẹ kí n gbé wọ bàálù?"

"Ẹ wo ẹnu yín! Àsìkò rẹ̀ kọ́ nìyí? Àwọn tó dé láìpẹ́ ní agbálùmọ̀ ni wọ́n ń fi ṣínu nílé." Ó ń fi ewé bo ìkòkò, ọkàn rẹ̀ ti lọ jìnnà. "Nígbà tí mo máa fi ilé sílẹ̀, ààwẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà. Àgbàdo tútù ni màmá mi sè fún mi láti fi ṣínu. Òjò ọjọ́ náà kò jẹ́ kí wọ́n sìn mí dé ìta. Ó ń ṣe mí bíi pé inú ààwẹ̀ tiwa nílé, àgbàdo ló ṣì máa ń wà níbẹ̀."

Mo gbé mọ́ín-mọ́ín dé ẹnu. Mi ò jẹ ẹ́. Àgbàdo, lẹ́yìn náà agbálùmọ̀. Ààwẹ̀ kan náà.

Mo padà sí yàrá mi, mo sì ṣí ìwé Rábíátù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tó dúró ṣánṣán ni mo bá níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀: *Òjò lójoojúmọ́. Àgbàdo tuntun ti dé. Bàbá Kúdí jẹ mẹ́ta, ó ní méjì ni.* Èmi ni Bàbá Kúdí. Mo ṣí ojú ewé síwájú: *Ooru mú gan-an. Máńgòrò ni a fi ṣínu.* Mo tún ṣí i: *Ọyẹ́. Ètè gbogbo ilé ti bẹ́. Agbálùmọ̀ dùn lọ́dún yìí.* Ọdọọdún, bí ọjọ́ mọ́kànlá, oṣù ààwẹ̀ ń rìn padà sẹ́yìn nínú ọdún, láti inú òjò wọ inú ooru, láti inú ooru wọ inú ọyẹ́. Mo ti gbà á nínú gbogbo wọn. Mo ti jẹ àgbàdo náà. Bí Ràmàdáánì bá sì rìn, Ṣáwálì tó tẹ̀ lé e rìn pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí Ṣéèkì Hámídì kọ́kọ́ yan Ṣáwálì fún ọdẹ, inú ooru gbígbóná ló wà, nígbà tí àwọn ọmọ ẹran ti já lẹ́nu ọmú. Kò yí oṣù padà. Oṣù náà ló rìn títí ó fi bá àwọn abo nínú oyún. Ẹran kò mọ òṣùpá. Oòrùn àti òjò ló ń tẹ̀ lé bímọ. Iye tí àwọn àlejò ń pa kò pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá àti ọmọ ni wọ́n ń fi ọta kan pa.

Mo jókòó sórí ibùsùn, ìwé náà wà lórí ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín sókè. Èmi ni. Oṣù kẹsàn-án rèé tí mi ò ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sunkún díẹ̀, mo sì jẹ mọ́ín-mọ́ín mi.

*

Sámúrà ni mo gbà lọ tààrà. Mo ṣàlàyé fún Àmù Sáàdì. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó dìde, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sẹ́yìn òkè.

Òkìtì òkúta kéékèèké ló wà níbẹ̀, ní ìlà, bíi sàréè ọmọdé.

"Èmi ni mo ń pín ẹran fún àwọn àlejò," ó wí. "Bí mo bá la ikùn abo, mo ń bá ọmọ nínú rẹ̀. Wọ́n ti hu irun tán, àwọn mìíràn. Mo ń fi aṣọ mi bò wọ́n, mo ń gbé wọn wá síbí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́. "Àlejò ń jẹun, kí n lọ sọ irú ìyẹn sí i lójú oúnjẹ? Kí n dójú ti onílé?"

*

Ilé Ṣéèkì

Wọ́n sọ pé kí a wá ṣínu kí a tó sọ̀rọ̀. Ìrẹsì àti odidi àgbò kan wà lórí ọpọ́n fàdákà tí ènìyàn mẹ́jọ jókòó yí ká. Ṣéèkì Hámídì fúnra rẹ̀ ń ya ẹran tó rọ̀ jù, ó ń tò ó síwájú mi. Àmù Sáàdì jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n kó ọpọ́n kúrò, mo sọ ohun tí mo rí. Mùdíírù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́! A pè é láti wá mú olè, òṣùpá ló mú! Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ kí a sún Ṣáwálì padà ni?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo sì yíjú sí Ṣéèkì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ ṣọdẹ ní Sámúrà, kí ni ẹ rántí?"

Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ooru. Bàbá ìyàwó mi dákú nínú àgọ́. Yìnyín la kó lé e láyà."

"Ọdẹ tí ẹ ṣe kẹ́yìn ńkọ́?"

"Ó tutù díẹ̀. A dáná…" Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò ní irùngbọ̀n. "A dáná yá," ó tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. "Ní Ṣáwálì kan náà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo gbé ìwé Rábíátù sí iwájú rẹ̀. Mo ka àgbàdo, mo ka máńgòrò, mo ka agbálùmọ̀, mo túmọ̀ wọn. Ó bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo sọ fún un. Mo to àwọn agolo Àmù Sáàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti èyí tó wúwo dé èyí tí kò dún, mo sì sọ ohun tó wà lábẹ́ àwọn òkúta lẹ́yìn òkè, àti ìdí tí ọkùnrin náà fi pa ẹnu mọ́. Mùdíírù gbé agolo tó kẹ́yìn, ó mì ín, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

"Ìgbà wo ló yẹ ká máa ṣọdẹ?" Ṣéèkì béèrè.

Mo ní kí wọ́n bi Àmù Sáàdì. Ó nàka sókè láti ìdí ilẹ̀kùn.

"Bàbá mi kì í yìnbọn títí ìràwọ̀ Suhéèlì yóò fi yọ, tí ooru bá ń lọ sópin. Ìràwọ̀ yẹn kì í rìn kúrò láyè rẹ̀ nínú ọdún. Ó máa ń ka ogójì ọjọ́ lé e. Nígbà náà àwọn ọmọ ti ń sáré."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pinnu rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ogójì ọjọ́ lẹ́yìn Suhéèlì. Akọ nìkan. Kí agolo Àmù Sáàdì máa sọ bí ọdẹ yóò ti gùn tó: bó bá wúwo, kí ọjọ́ pọ̀, bó bá fúyẹ́, kí ó kéré, bí kò bá dún, kí ìbọn dákẹ́. Mo ti kọ òfin ọdẹ púpọ̀ láyé mi. Mi ò kọ èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà Ṣéèkì Hámídì dìde. Ó la àárín gbogbo wa kọjá lọ sí ìdí ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ ba, ó sì fẹnu ko Àmù Sáàdì lórí, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà. Mùdíírù tẹ̀ lé e, ó ṣe bákan náà. Àmù Sáàdì ń sọ pé, "Ó tó, ó tó," ó sì ń wá ibi tí yóò fi ojú sí.

*

Ṣáwálì ọdún náà, kò sí ìbọn ní Sámúrà. Mo dùbúlẹ̀ sáàárín òkúta mi, mo rí abo kan tó jáde sí ìdí omi ní àárọ̀, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí kóró dàbínù kan bọ́ sínú agolo.

Kí n tó padà sílé, mo tún lọ sí Mẹ́kà. Mo ti ṣe Úmúrà tèmi, nítorí náà mo lè ṣe òmíràn ní orúkọ Rábíátù. Dókítà bá mi lọ. Nígbà tó yẹ kí n dárúkọ ẹni tí mo torí rẹ̀ wá, aṣọ èjìká mi ni mo ń tún ṣe. Ó dì mí ní apá.

"Ẹ pè é, Ẹ̀gbọ́n. Orúkọ àǹtí mi dùn ún pè."

Mo pè é sókè. A jọ yí Káábà ká ní ìgbà méje, ẹ̀gbẹ́ mi kò sì ṣófo.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Àlàájì kan tó ti Mẹ́kà dé gbé ẹrù kékeré kan wá fún mi ní Ìsẹ́yìn. Agolo wàrà ni, wọ́n fi aṣọ di ẹnu rẹ̀. Ó ní àgbàlagbà Lárúbáwá kan ló gbé e fún Dókítà, pé kí a má ṣe bù nínú rẹ̀ lọ́nà. Mo mì ín. Kò dún, nítorí ó ti kún dé ẹnu, kóró dàbínù kan kò ráyè mira.

Mo gbé ìwé Rábíátù jáde. Láti ìgbà tó ti kú, ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo sì fi ọwọ́ tèmi tí kò dúró ṣánṣán kọ ọ́: *Agbálùmọ̀ la fi ṣínu lọ́dún yìí. Ọyẹ́ kò pọ̀. Àwọn ẹtu bímọ dáadáa.*